Apá Sùtánà Màmá Susanna

Apá aṣọ náà kò gòkè. Nọ́ọ̀sì Sìkírátù tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i láti ọrùn ọwọ́ Màmá Susanna, ó fà á, ó rọra tì í, ṣùgbọ́n ibi ìgúnpá ló tún dúró sí. Ó wo apá aṣọ, ó wo ojú Màmá, ó wá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú rẹ̀.

"Màmá, òkè apá níbí ni mo ti máa gún un." Ó fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀ lórí híjáàbù. "Ìsàlẹ̀ yìí kò ṣeé gún. Ta ló rán aṣọ tó dì báyìí fún yín?"

"Ọmọ ọmọ mi ni," Màmá fèsì, bí ẹni ń yangàn. "Òun ló dúró lẹ́yìn mi yẹn."

Ojú ti Kẹ́mi. Olúwaṣìkẹ́mi ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, sùtánà ló sì ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà Ìdímù, ní Ẹgbẹ́dá. Kò fẹ́ràn kí ojú èèyàn pọ̀ lára òun, ojú gbogbo àgbàlá sì ti wà lára rẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ ṣàlàyé pé Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí òun fún ọwọ́ aṣọ náà mọ́ra, torí ọjọ́ kan wà tó ń gbàdúrà, tí ẹnu ọwọ́ sùtánà rẹ̀ àtijọ́ tó gbòòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná lára àbẹ́là. Àmọ́ ńṣe ló sún sẹ́yìn díẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé wọn ò kìlọ̀ fún wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde káàkiri Ẹgbẹ́dá: abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti dé, ọ̀fẹ́ ni, kí àwọn àgbàlagbà ṣíwájú, kí oníkálukú jẹun kó tó wá, kó má gbàgbé ìbòmú, kó sì wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kò gùn. Àpọ́sítélì Zacchaeus, olórí ìjọ wọn, ka gbogbo rẹ̀ sétí ìjọ, kò fo ẹyọ kan. Ó wá fi tirẹ̀ kún un pé níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àgbàlá ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti máa gbà á, kí olúkúlùkù ṣe bó ti yẹ. Ẹni tó bá ti dé ìjọ aláṣọ funfun rí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ ilé wọ inú ọgbà yẹn. Bí gbogbo ìjọ ṣe yọ ní funfun báláú nìyẹn, láìwọ bàtà, tí apá aṣọ gbogbo wọn dé ọrùn ọwọ́.

Àwọn ọkùnrin ò fi ṣe nǹkan kan. Wọ́n bọ́ sùtánà wọn sẹ́yìn ilé, wọ́n fi síńgílẹ́ẹ̀tì tò. Àwọn ọmọbìnrin wọ yàrá tí akọrin ti ń múra, wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò apá ara wọn. Ńṣe ni gbogbo ibẹ̀ dà bí ọjọ́ ọdún. Màmá Susanna nìkan ni kò lè bọ́ aṣọ, torí Màmá ti jẹ́jẹ̀ẹ́.

Festus, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ bàbá Kẹ́mi, ni Kòrónà mú. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí, kò sì sẹ́ni tí wọ́n gbà láyè láti lọ wò ó. Màmá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní bí Ọlọ́run bá lè jẹ́ kí ọmọ yìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, òun ò ní jáde nílé láìwọ sùtánà, òun ò sì ní bọ́ ọ níta, títí di ọjọ́ Ìkórè. Wọ́n fi òróró ya aṣọ náà sí mímọ́. Festus sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di òní, tó bá gun àtẹ̀gùn, á dúró lágbedeméjì, á máa mí gùlegùle. Ìkórè ṣì jìnnà.

Ohun tó ń ba Kẹ́mi lẹ́rù nìyẹn. Màmá lẹ́jẹ̀ ríru, ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àrùn tó fojú Festus rí màbo tó bẹ́ẹ̀, tó bá lọ kan Màmá ńkọ́? Kẹ́mi kì í lè ro ó parí. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ ẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ yìí, Màmá kọ̀ jálẹ̀, torí ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù pé kò sẹ́ni tó gbà á tó máa pẹ́ láyé. Festus ló yí i lọ́kàn padà. Ó ní, "Màmá, ká ní mo rí i gbà kó tó mú mi ni, bóyá mi ò bá má dé ibi tí mo dé yẹn." Láàárọ̀ òní, Màmá ló kọ́kọ́ jí nínú ilé. Ó ti mu ẹ̀kọ, ó ti jẹ àkàrà, ó ti dé fìlà funfun rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ Kẹ́mi pé ṣé wọn ò tíì fẹ́ máa lọ ni, ṣé wọn ò ní bá a tán báyìí.

Wọn ò sì tíì bá a tán. Apá aṣọ ni kò gòkè.

Nọ́ọ̀sì Sìkírátù ní kí Màmá jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá, kò sẹ́ni tó máa rí i. Màmá ní ìta ni ìta ń jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ṣé ọrùn aṣọ kò ṣeé fà sísàlẹ̀ ni. Ọrùn náà dì ju apá lọ. Nọ́ọ̀sì wá mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé báńdéèjì, kó tó sì là á lẹ́nu ni Màmá ti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Aṣọ ẹ̀jẹ́ ni, ọmọ mi. Sísọ́ọ̀sì ò lè kàn án."

Nọ́ọ̀sì Sìkírátù ò bínú. Ó ní òun náà ní aṣọ tí òun kì í fi ṣeré. Àmọ́ àwọn èèyàn Ìgàndò ti ń retí wọn, ìgò tí wọ́n sì ti ṣí kò lè di ọ̀la, dídànù ni wọ́n máa da èyí tó bá ṣẹ́ kù. Dẹ́rẹ́bà wọn ti ń fun fèrè lẹ́nu géètì.

Màmá dìde. "Kò burú. Ó di ẹ̀yìn Ìkórè."

Àwọn ìyá àgbà tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, tí wọn ò fẹ́ bọ́ aṣọ níta bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ò jẹ́jẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìborùn wọn jọ. Ibi tí Màmá Susanna bá yà sí ni wọ́n máa ń yà sí. Ọ̀kan ti dìde tán.

"Ẹ jókòó, Màmá."

Kẹ́mi ló sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà nítòsí yíjú, torí púpọ̀ nínú wọn ò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ bó ṣe máa dúró mọ́. Ó ní òun ò ní bọ́ aṣọ náà, òun ò sì ní gé e. Ibi tí apá ti bá èjìká pàdé, òwú lásán ló so wọ́n pọ̀ níbẹ̀, òwú yẹn nìkan lòun fẹ́ tú. Aṣọ á wà lọ́rùn Màmá bó ṣe wà.

Màmá kọjú sí Àpọ́sítélì Zacchaeus. Bàbá náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí. Ó wá ní òun kọ́ ni Màmá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, Màmá àti Ọlọ́run tó jọ sọ ọ́ ló mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Òun ṣá o, òun ti gba tòun ní àárọ̀, apá ló ń dun òun díẹ̀díẹ̀ yìí.

Màmá dijú. Ẹnu rẹ̀ ń mì láìsọ̀rọ̀ síta. Nígbà tó lajú, Kẹ́mi ló wò.

"Ṣé wàá lè rán an padà?"

"Mo lè rán an padà, ma."

"Kí ló wá ń dá ẹ dúró?"

Ohun tó ń dá a dúró ni pé kò mú nǹkan kan dání. Bíléèdì tó fi ń tú òwú wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo Nọ́ọ̀sì Sìkírátù, Nọ́ọ̀sì náà wo ẹnu géètì, ó ní, "Sáré o. Mi ò ní kó o máa rìn."

Kẹ́mi ká etí sùtánà rẹ̀ mọ́ orúnkún, ó bẹ́ síta. Oòrùn ti mú títì gbóná, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń tọ bí ẹni ń tẹ ẹ̀yìn àdògán tó gbóná. Kò sáré níta rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń pe èrò tó ń lọ sí Pleasure dẹwọ́ ìpè, ó ní, "Àǹtí aláṣọ funfun, ṣé Jésù ti dé ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa ká tètè palẹ̀ mọ́." Charity tó ń ta ohun ìṣaralóge lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ béèrè pé kí ló ń lé e. Kẹ́mi ní abẹ́rẹ́ ni. Charity ní ṣé abẹ́rẹ́ ti ń lé èèyàn báyìí. Kẹ́mi ò dúró dáhùn. Ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti mú bíléèdì, abẹ́rẹ́ àti òwú funfun, ó ti tún wà lójú títì. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti ń sá, kò lè dá a dúró.

Nígbà tó wọ géètì, àyà rẹ̀ já. Wọ́n ti ká tábìlì. Wọ́n ti kó àga. Dẹ́rẹ́bà dúró, ó káwọ́ lérí, torí Nọ́ọ̀sì Sìkírátù jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀ sórí kúlà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

"Ó fẹ́ gbé e sọ́kọ̀," Nọ́ọ̀sì sọ fún Kẹ́mi. "Mo ní kó kúkú gbé èmi àti kúlà pọ̀. Ó jọ pé ó ti wò ó pé mo sanra."

Àwọn ìyá na ìborùn wọn yí Màmá ká bí ògiri. Kẹ́mi kúnlẹ̀. Ó wá ojú rírán, ó fi bíléèdì kan òwú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán ojú ibẹ̀ kó má baà tú, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ báyìí pé ta ló rán òun níṣẹ́ àṣelé. Ó já ọ̀kan, ó já ìkejì, ó fi èékánná tọ òwú jáde. Èjìká aṣọ là díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tó ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà. Awọ ara Màmá yọ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù nù ún.

"Màmá, ẹ dẹ apá."

"Mo ti dẹ̀ ẹ́. Tó o bá ti fẹ́ gún un, sọ fún mi."

"Mo ti gún un tán, ma."

Màmá yí ọrùn wo apá rẹ̀. Ìjákulẹ̀ díẹ̀ wà lójú rẹ̀. "Èyí náà ni gbogbo ayé ń pariwo lé lórí?"

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ìyá náà. Nọ́ọ̀sì ní kí Màmá jókòó sí òjìji díẹ̀ kí wọ́n máa wò ó, pé apá lè dùn ún tó bá di alẹ́, ara rẹ̀ sì lè gbóná, kó mu omi dáadáa, kó má ṣe sọ pé torí òun ti gba abẹ́rẹ́ kí òun ju ìbòmú nù. Ó fún un ní káàdì, ó ní kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, torí ìkejì ń bọ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Kẹ́mi ti ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Màmá béèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Kẹ́mi ní òun fẹ́ rán ibẹ̀ padà bí òun ti wí.

"Wọ́n ní ìkejì ń bọ̀, o fẹ́ rán an pa. Tá a bá délé, fi bọ́tìnnì sí i."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kí Kẹ́mi wá tú tòun náà, òun náà fẹ́ bọ́tìnnì, èyí tó ń dán ni kó sì bá òun wá. Òmíràn ní òun ni òun kàn. Kẹ́mi ń tú, Nọ́ọ̀sì ń gún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ láti èjìká dé èjìká. Dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ tún gbé àga kan padà wá.

Nígbà tí bẹ́ńṣì ṣófo tán, Nọ́ọ̀sì Sìkírátù gbé ìgò náà sókè sínú oòrùn, ó wò ó.

"Ó ku ti ẹnì kan. Ta ni kò tíì gbà?"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo Kẹ́mi. Láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ Màmá ti gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí ara rẹ̀. Ó wá ń rántí báyìí pé láti kékeré ni òun ti ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn. Ó ní apá sùtánà òun náà kò gòkè, èèyàn kò sì lè tú èjìká ara rẹ̀.

Màmá Susanna dìde kúrò nínú òjìji. Òun ló kọ́ Kẹ́mi ní ìránṣọ, lórí ẹní, nínú yàrá rẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó na ọwọ́.

"Fún mi ní bíléèdì yẹn. Jókòó."

Kẹ́mi jókòó. Ó dijú. Ó ń gbọ́ mímí Màmá nítòsí etí rẹ̀, bí ìka rẹ̀ ṣe ń wá ojú rírán lórí èjìká òun, tí kò yára, tí kò sì ṣìnà. Lẹ́yìn náà, òwú àkọ́kọ́ já.