Fèrèsé Yàrá Ìwọ̀-Oòrùn

Ojú Éanna dì gbagidi nínú fóònù. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú kan ṣí, èkejì pa dé, aṣọ funfun sì bò ó dé àyà. Gobnait mi fóònù náà jìgìjìgì bí ẹni tó ń mi ìgò oògùn. Ojú ọmọ rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ìyá Éanna, fi í sílẹ̀ kó sinmi," ni Donncha ọkọ rẹ̀ wí láti orí ibùsùn, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. "Òkú kì í dáhùn."

"Òkú wo? Ọmọ rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti Nọ́wè! Wáìfáì ló ń ṣe wèrè."

"Mo ti ń bá wọn tẹ́ òkú ládùúgbò yìí kí n tó fẹ́ ọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rí."

Ó yíjú sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì mi orí sí i bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀. 

Ẹsẹ̀ ló kán ọmọ wọn. Okùn ọkọ̀ apẹja ló gbá a lulẹ̀ lójú òkun, ó wà ní ọsibítù lọ́hùn-ún, wọn ò sì gbà kó wọ bàálù. Ní ti Donncha, ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe, Donncha náà sì ní òun kò ní kú sáàárín àjèjì. Kí wọ́n gbé òun sí yàrá ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn ògiri ààrò, níbi tí bàbá òun kú sí. Gbogbo ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa ní etíkun Conamara ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Arúgbó a fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ní í gbé e jáde.

Ìyẹn kọ́ ló ń dun Gobnait. Ó ti sunkún ìyẹn tán nígbà òtútù. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọkùnrin náà ti gbà lọ́kàn pé ọmọ òun kan ṣoṣo ti bómi lọ, pé ọmọ náà ló wá ń jókòó ti òun lórí àga yẹn láti mú òun lọ, pé ìyàwó òun ń purọ́. Nítorí pé ohun tí a gbà gbọ́ níbí ni pé ẹni tó bá fẹ́ kú, òkú ará ilé rẹ̀ kan ní í wá mú un. Láti ìgbà náà ni Donncha ti kọ oúnjẹ.

Lánàá, Donncha ní kí ìyàwó òun bu tíì fún àlejò. Gobnait bu tíì, ó gbé e síwájú àga òfìfo. Tíì náà tutù, ojú rẹ̀ di awọ. Gobnait kò lè wo tíì kó ṣòfò. Ó gbé e mu. Ó ti gbé e mì tán kó tó rántí ẹni tó ni ín. Ó sáré jáde lọ tutọ́ sórí koríko, ìgbà tí itọ́ tán lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ̀rín bá pa á: ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, tó jí tíì òkú mu! Àwọn àgùntàn ń wò ó bí ẹni wo asínwín.

Ní ọ̀sán ni Muireann dé, ọmọ aládùúgbò wọn, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà kiri àwọn abúlé etíkun. Ó yọ àwọn àpótí kéékèèké tó ń gbé wáìfáì síwájú, tí Gobnait ti rà, tó kì bọ ihò iná mànàmáná lára ògiri láti ilé ìdáná títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

"Ìyá, ta ló da omi sí èyí?"

"Omi wo?"

"Ó ti jóná. Ẹ wo inú rẹ̀."

"Kì í ṣe omi lásán," ni Gobnait wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Omi tí fadá yà sí mímọ́ ni. Gbogbo ohun tuntun tó bá wọlé mi ni mo ń wọ́n ọn sí. Mo wọ́n ọn sí fíríìjì, ṣé fíríìjì kú?"

Muireann fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó dáa. Ó kéré tán, ó ṣèrìbọmi kó tó lọ."

"Ẹnu rẹ yẹn! Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọn ò lè ṣe nǹkan kan fún yín. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń tún wí, Ìyá, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lu òkúta ògiri ààrò. "Èyí ló ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Wáyà la máa fà. Láti inú àpótí ńlá tó wà ní ilé ìdáná, ká gba ìta, abẹ́ òrùlé, dé yàrá Bàbá. A ó wá so àpótí mìíràn mọ́ ìdí wáyà náà níbẹ̀, kó máa fọ́n wáìfáì láti inú yàrá gan-an."

"Fà á nígbà náà. Kí lò ń wò?"

Wọ́n fà á. Afẹ́fẹ́ òkun ń jà, Gobnait sì kọ ẹ̀yìn sí àkàbà, ó fi ìdí tì í kó má baà ṣubú. "Ìdí tí Ọlọ́run di lé mi lẹ́yìn yìí," ó ń pariwo sókè, "iṣẹ́ rẹ̀ dé lónìí!" Ẹ̀rín fẹ́ já Muireann bọ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí kọ́nà dé ìhà ìwọ̀-oòrùn, Muireann sọ̀ kalẹ̀, ó wo ògiri, ó wo irin tó fi ń lu ihò.

"Kò gùn tó. Ògiri yìí nípọn ju ohun tí mo rò lọ. Ní ìlú Galway ni mo ti máa rí èyí tó gùn, ó sì di ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ ká gba ojú fèrèsé ná. Ẹ ṣí i díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì péré."

"Rárá."

"Ìyá..."

"Mo ní rárá! Fèrèsé yàrá yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo la ń ṣí i."

Muireann sọ irin náà kalẹ̀, nítorí ọmọ ibẹ̀ lòun náà. Ó mọ̀ pé ìgbà tí èémí bá ti tán lára òkú ni wọ́n ń ṣí fèrèsé kí ẹ̀mí lè rọ́nà jáde, pé ẹni tó bá ṣí i ṣáájú ti ń pe ikú wọlé. Ìgbà tí ìyá Donncha kú, Gobnait ló ṣí i. Lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń ti òkun bọ̀ wá sínú ilé, ṣùgbọ́n ìta ni kọ́tìnì fẹ́ sí. Gobnait rí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi ìwé ìròyìn dí gbogbo ojú àlàfo fèrèsé náà, ó kun ọ̀dà lé e lórí, kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́.

"Ìyá tèmi náà ò ní gbà," ni Muireann wí. "Mi ò lè fipá mú yín. Àmọ́ ọjọ́ Ajé jìnnà, Ìyá. Ṣé ẹ ti wo ojú Bàbá lónìí?"

Gobnait wọlé lọ wò ó. Donncha ń bá àga sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ ọmọdé.

"Má kánjú, Éanna. Mò ń bọ̀. Ó dùn mí pé ìwọ lo ṣáájú. Èmi ló yẹ kí n ṣáájú."

Gobnait dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Ẹni ọmọ sin ló bímọ; ọkùnrin yìí sì ń lọ bí ẹni tí kò bímọ rí. Yóò kọjá, yóò gbé ìbànújẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ dání lọ. Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, à á máa ríran. Ó lọ mú ọ̀bẹ tó fi ń ha bọ́tà.

Ó ha ọ̀dà. Ó fa ìwé ìròyìn jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ki èjìká bọ abẹ́ igi fèrèsé, ó lọgun, fèrèsé náà dún gbì, ó sì ṣí. Òórùn ewé òkun wọlé. Gobnait tẹ ẹnu mọ́ àlàfo náà.

"Wáyà nìkan ló ń wọlé o," ó sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. "Wáyà nìkan! Ẹlòmíràn tó bá gbabẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni."

"Ta lẹ ń bá jà?" ni Muireann bi í láti ìta.

"Kò kàn ọ́. Ti orí wáyà bọlé."

Muireann gbé àpótí náà ka orí kọ́bọ́ọ̀dù. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú, ó wá dúró. Gobnait tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀.

Éanna yọ. Ó ń jẹ búrẹ́dì. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó gbé e mì, ó nu imú.

"Bàbá? Ṣé ẹ ń rí mi báyìí?"

 Donncha wo fóònù, ó wo àga, ó tún wo fóònù.

"Bó o bá wà láàyè," ó wí, "gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè kí n rí i."

Àwòrán yí bírí. Ẹsẹ̀ kan yọ, simẹ́ńtì funfun dì í dé itan, ìka márààrún sì ń jó lórí rẹ̀.

"Wo èékánná!" ni Gobnait kígbe. "Wo ìdọ̀tí! Wọn kì í jẹ́ kí òkú dọ̀tí tó báyìí!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Donncha, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ di ẹkún. "Ọ̀dẹ̀ ọmọ," ó ń wí, "ọ̀dẹ̀! Inú ọkọ̀ lo ti ń jó?" Bàbá àti ọmọ bú ara wọn títí, inú wọn ń dùn. Muireann ti yọ́ jáde. Gobnait lọ bọ ẹyin, Donncha sì jẹ ààbọ̀ rẹ̀, ó fi iyọ̀ sí i pàápàá. Kí wọ́n tó pa fóònù, Éanna ní, "Ó dàárọ̀, Bàbá," bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò tíì wọ̀. Bàbá rẹ̀ náà dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Gobnait gbé àwo ẹyin kúrò lórí ibùsùn.

"Ìyá Éanna."

"Kí ló dé?"

"Éanna wà ní Nọ́wè."

"Ohun tí mo ti ń sọ nìyẹn, olórí líle."

"Mo gbọ́." Kò sí ẹ̀rù lóhùn rẹ̀. Ó yíjú pẹ̀lú sùúrù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Ta wá ni eléyìí?"

Gobnait gbé ọwọ́ láti lọ pa fèrèsé dé. Ó dá ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì. Láti ọjọ́ wọ̀nyí tí Donncha ti ń bá àga sọ̀rọ̀, ọ̀dà wà lójú fèrèsé, ìwé ìròyìn wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ gan-an kò rọ́nà gbà; ẹni tó wà lórí àga kò gba ibẹ̀ wọlé.

Ó fi fèrèsé náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ibùsùn láti ìhà kejì. Ọwọ́ òsì Donncha ti wà lórí apá àga, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí, ìka rẹ̀ ká díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́ mú. Gobnait jókòó, ó sì di ọ̀tún mú.