Ọjọ́ Tí Màmá Abísóyè Gba Àlejò Ìjọba

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Màmá Abísóyè jẹ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìsípẹ́kítọ̀ ètò ẹ̀kọ́ tó ti gba Òṣogbo kọjá. Màmá yìí ni ọ̀gá iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìsípẹ́kítọ̀ tó wọ ọgbà rẹ̀ tó rí àbùkù kan tọ́ka sí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àwọn èèyàn náà ń bọ̀, wọ́n á kun ògiri, wọ́n á ro koríko, wọ́n á sì ní kí àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà gbé korobá, kí wọ́n lọ pọnmi ní odò tó jìnnà jù lọ. Kí àwọn yẹn tó dé, ìsípẹ́kítọ̀ á ti jẹ ìrẹsì, á ti mu ohun tútù, á sì ti máa rẹ́rìn-ín lọ sílé rẹ̀.

Obìnrin yìí gan-an ló wá sí Dallas láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ.

Motúnráyọ̀, ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Gbéminíyì tó jẹ́ ọkọ Motúnráyọ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Addison. Vickery Meadow ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú Tolúwalàṣẹ, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Tolú ní ọ́tísíìmù. Kò tíì máa sọ̀rọ̀, kì í fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan òun, ariwo kì í sì í bá a lára mu rárá. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí pẹ́nrẹ́n, ó ti bọ́ síta nìyẹn, ó di ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì. Màmá ló ń ṣọ́ ọ bó bá ti ti iléèwé dé. Àmọ́ àsìkò tí ìjọba Amẹ́ríkà fún Màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bó bá padà sílé, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa jókòó ti Tolú, ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè gbé ilé yẹn dúró.

Ìdí nìyẹn tí Motúnráyọ̀ fi fò sókè nígbà tí wọ́n pè é pé ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè fún ti kàn wọ́n. Ìjọba máa rán ẹnì kan wá wo Tolú nílé. Bí onítọ̀hún bá rí i pé ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n á fún wọn ní olùtọ́jú tí yóò máa wá lójoojúmọ́, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀.

"Màmá, Thursday ni wọ́n ń bọ̀ o," ni Motúnráyọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ jẹ́ kí house wà bó ṣe wà."

Màmá ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ "ìjọba ń rán èèyàn bọ̀" nìkan ló wọ̀ ọ́ létí, ọ̀gá iléèwé tó ti ń sinmi nínú rẹ̀ sì ti dìde dúró.

Nígbà tí Thursday dé, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Motúnráyọ̀ pẹ́ kó tó dé. Ló bá fóònù sílé pé, "Màmá, ẹ ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀, mò ń bọ̀." Ẹ wo ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún!

Màmá ti di àmùrè gírí kí fóònù tó dún. Ó ti yọ gbogbo àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fíríìjì àti ògiri, àwọn èyí tí Tolú máa ń tọ́ka sí bó bá fẹ́ jẹun tàbí bó bá fẹ́ tọ̀, torí kí lèèyàn gidi ń lẹ bébà kiri ilé fún? Ó ti tú agogo tí Gbéminíyì so mọ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí ọmọ náà máa ń fi bo etí nítorí ariwo, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló tì í sí. Ó wọ̀ ọ́ ní gáùn Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ló da ẹ̀wà tí wọn kò tíì sè sínú abọ́ kan, ó gbé abọ́ òfìfo kan tì í, ó sì gbé méjèèjì síwájú ọmọ. Kò sí ohun tí Tolú fẹ́ràn tó kó máa da ẹ̀wà látinú abọ́ kan sínú òmíràn, ó lè wà lẹ́nu rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Albert lorúkọ ọkùnrin tó wá. Ó ga, ó sanra, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó ní àwọn kì í jẹun lẹ́nu iṣẹ́. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀ bíi pé ó bú ìyá òun. Albert jókòó, ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ adìyẹ, ó mu malt, lẹ́yìn náà ló tó ráyè béèrè bóyá Tolú máa ń sọ̀rọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì Màmá dán gbinrin. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni," ó fèsì. "Nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀, kí lòun fẹ́ máa sọ?"

Albert wo Tolú. Tolú ń wo ẹ̀wà. "Ṣé ó máa ń wojú èèyàn?"

"Wojú àgbà kẹ̀? Ká má rí i! A kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ó béèrè bóyá ó máa ń bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré. Màmá ní kì í kẹ́gbẹ́kẹ́gbẹ́. Ó béèrè nípa oúnjẹ. Màmá ní ìrẹsì funfun ni tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀kánjúwà, kì í wo ẹran lẹ́nu ẹni. Ó béèrè nípa oorun. Màmá ní bí òun bá dìde gbàdúrà lóru, ojú Tolú á ti là kedere, àwọn méjèèjì á sì jọ gbà á papọ̀.

"Kí ló wá ń ṣe báyìí?"

"Ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà."

Ẹnu ya Albert. Ọmọkùnrin tó ń fi ìrùngbọ̀n yangàn wà nílé tirẹ̀ tí kò lè fọ ife kan ṣoṣo.

Ẹnu ọ̀nà ni Motúnráyọ̀ ti pàdé rẹ̀, tó ń jáde lọ pẹ̀lú adìyẹ tí wọ́n fi fóìlì wé lọ́wọ́. Albert bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun kò rí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa tó báyìí rí, pé inú òun dùn láti sọ pé kò nílò olùtọ́jú kankan, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tí wàhálà tiwọn le jù rí i gbà. Motúnráyọ̀ yọjú wo inú ilé. Ògiri mọ́ tónítóní. Kò sí agogo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀, ó ń juwọ́ sí àlejò.

Bí ilẹ̀kùn ṣe padé, Màmá pàtẹ́wọ́. "A pàásì! Ráyọ̀, a pàásì!"

Motúnráyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Màmá, ká fèèlì la fẹ́! Fèèlì ni mo ń gbàdúrà fún láti January!"

Ó gba àlàyé díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Màmá. Nígbà tó yé e, kò lè gbé oúnjẹ kankan kalẹ̀ fún ara rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé olùtọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì tún di ẹran fún Albert.

Ẹni tí wọ́n ké sí ni Firdaus. Ọmọ Ìlọrin ni, Kàmíl ọmọ rẹ̀ náà ní ọ́tísíìmù, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ àwọn òbí tó máa ń pàdé ní láíbìrì àdúgbò, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá iléèwé àti ìjọba fà á. Ó wá ní Saturday, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó ní kí wọ́n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n dé ibi ṣíṣa ẹ̀wà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

"Màmá, ẹ ò purọ́ rárá," ó ní, ó ń nu ojú. "Gbogbo ohun tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Problem tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má worry, a ní right láti ní kó padà wá, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú Tolú jù, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó le jù lẹ máa sọ fún un. Ó yá, èmi ni Albert. Mama, báwo ni Tolú?"

"Dáadáa ni, a dúpẹ́."

"Màmá."

"Kí n wá sọ pé kí ni? Kí n la ẹnu mi, kí n máa to búburú lé orí ọmọ ọmọ mi?"

"Bí orúnkún bá ń dùn yín, tí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣé ẹ máa sọ pé ẹ dúpẹ́ ni?"

"Mo máa kọ́kọ́ dúpẹ́," ni Màmá wí. Wọ́n gbìyànjú títí tíì fi tutù, ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ń bá ara wọn. Firdaus lọ sílé pẹ̀lú orí fífọ́.

Nígbà tí Albert padà wá, àwòrán ti wà lára ògiri, agogo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Motúnráyọ̀ sì gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Tolú wà ní kọ̀rọ̀, ó ń to bàtà sórí ìlà, jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí ayé kò ni lára. Ó kúkú mọ ọjọ́ tó yẹ kéèyàn ṣe jẹ́jẹ́.

"Mama, báwo ni Tolú?"

"Dáadáa ni, a dú—"

Motúnráyọ̀ wúkọ́. Màmá gbé ìyókù mì. Ó wo ọmọ náà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó máa ń sá jáde," ó ní. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé ẹrù wá, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kí n tó fọwọ́ sí i, ọmọ ti lọ. Mo sá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Ìró mi tú sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, mi ò dúró mú un. Mọ́tò kan ń rẹ́fáàsì bọ̀. Ẹni tó ń wà á ló rí i, èmi kọ́ ni mo bá a. Orúnkún mi ò gbé mi."

"Màmá! Ẹ ò sọ fún mi!"

"Kí n sọ kí ni fún ẹ, Ráyọ̀? Pé mi ò lè ṣọ́ ọmọ ẹ?" Màmá kọjú sí Albert padà. "Tàárọ̀ talẹ́ ni mo ń kì í ní Àjíkẹ́, kò bojú wò mí rí. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí mo fi darúgbó, ọmọ ọmọ mi kò pè mí ní Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà mí, ọ̀gbẹ́ni, torí bí mo bá lọ, ta ni yóò máa sá tẹ̀ lé e?"

Ibi tí omi ti ya nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dí i mọ́. Ó sọ ti àwo tó fọ́, ó sọ ti ọjọ́ tí Tolú ké ní ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ fi gbàgbé ibi tó kàn, ó sọ ti bó ṣe wọ inú mọ́tò aládùúgbò tó sì ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Ó ń tò ó bí ọ̀gá iléèwé tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ fún òbí. Albert fi bírò sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Mama, ó ti tó. Ó nílò olùtọ́jú, ohun tí màá sì sọ fún wọn nìyẹn. Wọn kò ní kọ̀."

Màmá dìde. "Olúwa o!" Igbe ayọ̀ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, àwo sì mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. "Olúwa o ṣeun o! Halelúyà!"

Tolú fi bàtà sílẹ̀. Ó rìn tààrà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ó na apá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà tí Màmá ti dé Dallas, ọmọ yìí kò fọwọ́ kàn án rí.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ Albert lọ́kàn díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń tu Mama nínú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn tó wà lẹ́nu Màmá, ó sì wù ú bí ẹ̀mí rẹ̀. Ó rọra yọ ẹnu díẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ náà.

"Rárá o," ó ní. "Ariwo mi ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí n panu mọ́."

Tolú gbọ́ pé ibẹ̀ ti dákẹ́, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ń padà lọ sídìí bàtà. Màmá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún sọ "Halelúyà" kan, kékeré, èyí tó mọ níwọ̀n, ó sì tẹ orí ba kí ọwọ́ náà lè tún tó ẹnu rẹ̀.