Ta Ni Eku Ilé Ìkàwé?

"Ta ló kọ èyí nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ọ̀gbẹ́ni Amissah, ọ̀gá ilé ìkàwé, na fóònù rẹ̀ síwájú, ó tún fà á padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"'Bàbá kan wà tó máa ń jókòó lábẹ́ fèrèsé wa. Ìwé ìròyìn ló tẹ́ síwájú, ṣùgbọ́n ìwé ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọge inú ìwé náà já olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo rí bàbá tó ń fi ìka nu ojú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kàn ń tàn wá ni.'"

Mensima ń wo bàtà ara rẹ̀. Egyirba, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń wo Mensima.

Gbogbo ìlú Saltpond ló ti rẹ́rìn-ín tán kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó dé etí Ọ̀gbẹ́ni Amissah, nítorí ta ni kò mọ bàbá abẹ́ fèrèsé? Supi Esuon ni. Supi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ni olórí asafo, ẹgbẹ́ àwọn akọni àdúgbò, ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé ìkàwé náà lé. Ìdílé rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé pé bí wọn kò bá lé ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n kó ìwé wọn kúrò lórí ilẹ̀ àwọn. Ọ̀gbẹ́ni Amissah ní ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ máa jókòó, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ orúkọ. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Mensima ló kọ ọ́ o, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Òun ni wọ́n ń pè ní Eku Ilé Ìkàwé lórí Fesibúùkù. Kí ni èèyàn ó máa ṣe nílé ìkàwé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá? Ó ń kọ nípa ìwé tí wọ́n yá lọ ní mímọ́ tí wọ́n dá padà pẹ̀lú ata lójú. Ó ń kọ nípa orin tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ jó lábẹ́ tábìlì, àti fíìmù àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ti sọ di èdè Akan, tí ìyá ọkọ á yí ojú báyìí, tí ìpolówó ọjà á dé, tí kò ní tíì yí i tán. Ó kọ nípa eré wíwá ọ̀rọ̀ orí fóònù tó gbà á lọ́kàn títí omi kẹnkẹ́, oúnjẹ àgbàdo tó ń sè, fi gbẹ lórí iná. Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó rò pé ìyẹn ti tó.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàárín àwọn tó ń kà á, tó ń jẹ́ Ìgbín. Kò sí ohun tí Eku kọ tí Ìgbín kì í fèsì sí, ẹ̀rín ló sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni Ìgbín wá kọ ọ́ pé: "Eku, ṣé o ti rí i pé ikán ti wọ àpótí ìwé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn?" Inú Mensima dà rú. Ẹni mẹ́ta péré ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn: òun, Egyirba, àti ọ̀gá. Ọ̀gá kò sì ṣeé fura sí, torí ó máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé fóònù ló ba ayé jẹ́. Ó ku Egyirba.

Àṣé ìdí tí ọmọbìnrin náà fi máa ń da fóònù rẹ̀ délẹ̀ nìyẹn tí èèyàn bá ń bọ̀! Ìdí tó fi béèrè lọ́jọ́ sí pé, "Kí lo ń tẹ̀ tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" nìyẹn! Iṣẹ́ yìí ni Mensima fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti ara rẹ̀, kò sì sí ilé ìkàwé mìíràn nílùú. Bí Egyirba bá ti mọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ tú àṣírí rẹ̀? Ṣé ọjọ́ Ẹtì ló ń dúró dè? Ìfura loògùn àgbà, Mensima sì gbé oògùn náà mu ní àmujù. Bí Egyirba bá kí i, á máa wá ohun tó wà nínú kíkí. Bí kò bá kí i, á ní nǹkan ló ń fi pamọ́.

Ó pinnu láti dẹ pàkúté. Ọjọ́ kan tí Egyirba ti gba àyè lọ sí Anomabo láti ọ̀sán, ó dúró títí ọ̀gá náà fi lọ, ó mú ìwé kan tó sọ nípa ẹja yíyan, ó tì í bọ àárín àwọn ìwé òfin, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó tilẹ̀kùn. Bó ṣe délé, Eku kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé ẹja yíyan ti lọ kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò lókè pẹpẹ àwọn ìwé òfin. Ó mọ irú èèyàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé jẹ́. Ẹni tó bá ti ń bá ìwé ṣiṣẹ́, tó gbọ́ pé ìwé kan wà níbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, kò ní lè mí dáadáa títí á fi dá a padà. Bí ara ṣe ń yún wọn nìyẹn.

Ní àárọ̀, ó fara pamọ́ sẹ́yìn pẹpẹ ìwé àwọn ọmọdé. Egyirba dé láti Anomabo, ó kọjá lẹ́bàá àwọn ìwé òfin bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó jókòó ti fóònù rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Amissah wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi ìwé òfin, ó na ọwọ́ sókè, ó yọ ìwé ẹja yíyan jáde, ó rẹ́rìn-ín. Mensima kò rí eyín rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Ó yí padà, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó fi ọwọ́ pè é wọ yàrá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Ìgbín," ni Mensima sọ.

"Ìwọ sì ni Eku," ni ọ̀gá fèsì. "Egyirba kò sí níbí lánàá, ìwọ lo tilẹ̀kùn. Ta ló tún lè gbé e síbẹ̀?"

Mensima ti dẹ pàkúté, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò bínú. Ó sọ fún un pé láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, ibi ohun tí Eku ń kọ nìkan ni òun ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Mensima kò gbọ́dọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀: òun ti dárúkọ Egyirba fún alága, torí òun máa ń rí i tó ń fi fóònù pamọ́, òun sì rò pé Egyirba ni Eku. Ó ní kí àwọn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni, á ríṣẹ́ mìíràn.

"Dídákẹ́ ni mo ní kí o dákẹ́," ló wí. "Ṣé ìyẹn náà ṣòro?"

Kò ṣòro. Ohun tó ba Mensima lẹ́rù nìyẹn. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ kó tó ronú rárá.

"Ọ̀gá, tí ẹ bá rò pé Egyirba ni Eku, tí ẹ sì fẹ́ràn Eku tó báyìí, kí ló dé tí ẹ fi fà á lé wọn lọ́wọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Amissah ń yí ìwé ẹja yíyan lọ́wọ́. "Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan wá ni."

Nígbà tí Mensima jáde, Egyirba tún da fóònù délẹ̀ kíá. Mensima gbé e. Ìyá ọkọ kan láti Íńdíà ló wà níbẹ̀, tó ń yí ojú.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni Egyirba wí, ìtìjú mú un. "Mo ti fi àwọn tó ń wò ó ṣe ẹlẹ́yà jù."

Mensima fa àga, ó jókòó tì í, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un: Eku, Supi, orúkọ tí ọ̀gá ti fi ránṣẹ́. Ó sọ bí òun ṣe ń fura sí i náà.

"Ìdí tí o fi ń wò mí bí olè nìyẹn," ni Egyirba wí. "Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni."

Mensima bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó nira jù. Níbí, èèyàn kì í dá lọ bẹ àgbà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú ẹlẹ́ṣẹ̀, kó bá a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ìdílé ìyá kan náà ni Supi àti Egyirba ti wá.

"Èmi tí wọ́n fẹ́ lé ni kí n tún wá ṣíwájú rẹ?"

"Tí o kò bá lọ, màá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣíwájú mi, kí wọ́n lé mi bí ajá. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n máa gbọ́ lónìí, Egyirba. Kì í ṣe tìrẹ."

Egyirba tún aṣọ ró. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ṣáájú.

Supi wà lórí àga nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Egyirba kúnlẹ̀, ó ní òun mú ẹlẹ́ṣẹ̀ kan wá. Mensima dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àṣà ṣe wí, kí wọ́n tó pè é. Bàbá náà bi Egyirba ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá ṣíwájú: "Kí ni ẹni náà jẹ́ sí ọ?"

Egyirba bojú wẹ̀yìn, ó wo Mensima títí.

"Nana, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni," ló wí. "N kò lè pè é ní ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè dákẹ́, kò dákẹ́. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀."

Mensima bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀.