Àmì Kan Lórí Ọ

Ó tún ti já bọ́. Mo fi sí i, mo sì rí i pẹ̀lú ojú ara mi nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀, kí n lè wo ojú-ìwé ìkànnì mi bí aráyé yóò ṣe rí i, àmì ti pòórá. Á di àmì tirẹ̀ mú. Í náà dúró bí ọmọ gidi. Ọ nìkan ni... ọ àti ẹ, àwọn tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n gba ti ẹsẹ̀, wọ́n kọ ti orí. Bí ẹni tó wọ bàtà tán tó wá ju fìlà nù.

Mo kọ ọmọ náà fúnra mi.

Rárá. Kì í ṣe ohun tí mo tẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo tẹ̀ ni pé mo kọ́ ọmọ náà fúnra mi. Kọ́. Ohùn òkè. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà, láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tí ì ga ju tábìlì iṣẹ́ lọ. Kò sí ọ̀gá mìíràn tó ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á báyìí — kí ni yóò rò? Pé mo bímọ, mo wò ó lójú, mo ní n kò fẹ́ ẹ.

Gbólóhùn kan péré. Láti àárọ̀. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé àkọ́kọ́, ó ti dé ìkejì.

Ojú-ìwé méjì ti parí. Ilé ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan: "Bàbá, ibi yòówù kí èèyàn rìn dé nínú ìkànnì yín, tó bá ti tẹ Ilé báyìí, ó ti padà sílé nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀ ẹ́, ó ti délé. Ìkejì ni Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi: àga mẹ́rìnlá, ibùsùn méjì, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì láìpariwo. Ìkẹta ló kù yìí, Nípa Mi. Mo ti pinnu pé irọ́ ẹyọ kan kò ní wọnú rẹ̀. Bí ọmọ mi bá rí i lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kan... bí ó bá rí i...

Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ iye ẹni tó ti wo ìkànnì náà síbẹ̀. Ẹnì kan. Èmi ni.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹ̀rọ yín kúrò lórí tábìlì, èèyàn fẹ́ jẹun." Ìyàwó mi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, kò fi ẹ jọ̀ọ́ sí i mọ́. Báyìí ó ń fọ abọ́, ó sì ń ju ṣíbí sínú bàsíà bí ẹni ń kan ìṣó. Bí ó bá ń bínú, ṣíbí ló máa ń bá a sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò tíì tán nínú rẹ̀. "Ẹ lè bá ẹ̀rọ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò lè pe nọ́ńbà kan." Mo ní n kò ní nọ́ńbà ọmọ náà. Ó ní, "Èmi ní in. Ọdún mẹ́ta rèé, ẹ ò bi mí rí." Mo fa ẹ̀rọ mi mọ́ra. N kò tíì bi í di bí mo ṣe jókòó yìí. Ó máa ń wọ yàrá lọ pè é, á ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́, ẹ̀rín tìyàwó mi. Ti ẹnì kejì kì í ré kọjá ilẹ̀kùn.

Àmì yìí. Ó gbọ́dọ̀ dúró. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ lẹ́tà kíkọ, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi í ṣeré. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, Bàbá Alámì ni wọ́n ń pè mí. "Bàbá Alámì, ẹ bá mi fi ọ̀kan sórí èmi náà, ìyàwó mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè mí mọ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá tọ́, ó tọ́. Ohun tó bá wọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní wíwọ́. Bí mo ṣe gbé ayé mi nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn, lórí ọ̀rọ̀ àga yẹn —

Kì í ṣe àga ni mo jókòó torí ẹ̀. Àmì ni.

"Bí lẹ́tà kan ò bá gba àmì, Bàbá, ẹ pààrọ̀ irú lẹ́tà." Olùkọ́ ti sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Irú lẹ́tà pọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, tẹ́ẹ́rẹ́, sísanra, èyí tó tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Mo mú ọ̀kan. Ó já bọ́. Mo mú òmíràn...

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá gbé àga náà. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó lè rí bí iṣẹ́ ṣe mọ́ tó. Ìka mi wá kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ti là. Wọ́n ti fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n fi fáníìṣì kùn ún, ó ń dán. Mo ní ta ló ṣe èyí. Ọmọ mi ní, "Èmi ni mo dí i, bàbá mi." Lójú oníbàárà ni mo ti sọ ọ́: "Èmi ò bí oníjìbìtì. Ẹ má wo eléyìí bí ọmọ mi mọ́." Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ní òtítọ́ ni mo sọ.

Òun ló dí i. Ta ló là á?

Ọdún tó kọjá, dókítà ojú fi iná wo inú ojú mi. "Bàbá, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú yín ti bà jẹ́ báyìí. Ẹ ò ṣàkíyèsí ni?" Mo ní n kò ṣàkíyèsí. Mo wọ awò, mo wálé, n kò sọ fún ẹnì kan. Ẹsẹ̀ àga yẹn, èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀ kọjá ààyè, òun ló fi là. Ọmọ náà rí i. Ó bò mí láṣìírí níwájú oníbàárà. Nígbà tó ń wò mí yẹn, ó ń dúró kí n rántí ni —

Ó dúró. Irú lẹ́tà karùn-ún. Àmì jókòó sórí ọ ṣinṣin.

Mo kọ́ ọmọ náà fúnra mi.

Ó mọ́. Ó gún. Òtítọ́ ni, kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́... Ó ń dán. Bí ẹsẹ̀ àga yẹn.

Ṣíbí ti dákẹ́ ní ilé ìdáná. Ìyàwó mi ti dé pẹ̀lú àkísà, ó ń nu tábìlì, ó ń nù ún yí ẹ̀rọ po. Nọ́ńbà ọmọ náà wà lórí fóònù nínú àpò rẹ̀. Ẹnu mi kò là. Mo mọ̀ pé kò ní là lónìí.

Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì tó ń pa nǹkan rẹ́. Èmi Bàbá Alámì. Mo pa àmì kan rẹ́.

Mo kọ ọmọ náà fúnra mi.

Mo kà á jẹ́jẹ́. Ohùn mi wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ̀ ọ́.