Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Ṣubú

Kí Aláyẹ̀wò tó dé ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Ó jókòó nínú ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n mú un wọ̀, ó rọra bọ́ bàtà kan lábẹ́ tábìlì, ó fi èkejì sílẹ̀ nítorí ojú ayé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn lórúkọ ìjọba, tó ń ka bẹ́ẹ̀dì, tó ń gbóòórùn yàrá, tó ń rọra yí àwọn àgbàlagbà sí ẹ̀gbẹ́ láti wo ẹ̀yìn wọn bóyá ìdùbúlẹ̀ ti dá egbò sí i, tó sì ń fi máàkì sí fọ́ọ̀mù. Lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Aláyẹ̀wò ni gbogbo wọn ń pè é, àtàwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, àtàwọn tó ń gbàdúrà kó tètè fẹ̀yìn tì.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé àpótí wá kí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé e, mà." Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ alábòójútó ilé náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kékeré ni, etí apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣá, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é láti yàrá kejì.

"Ẹ ṣeun o. Tí mo bá gbé e lé e, ta ló máa bá mi gbé e kúrò? Ẹ bá mi mú ìwé ìṣubú wá."

Ìwé ìṣubú ni ìwé tí òfin ní kí gbogbo ilé arúgbó máa kọ. Nígbàkúùgbà tí àgbàlagbà kan bá ṣubú, ìbáà ṣe pé ó kàn fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì gbé e wá, ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aláyẹ̀wò fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárín ọdún kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ ò tilẹ̀ yọ ọ̀kan."

"Wọ́n ṣubú ni, mà. Ṣé kí n wá ní wọn ò ṣubú ni?"

Aláyẹ̀wò mí kanlẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì wọn, ìṣubú kọ̀ọ̀kan ló ń yọ máàkì. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà jókòó lórí tìmùtìmù ṣe é ni, kò gbé bàbá arúgbó tó yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá ti wí, ilé yìí á gbé máàkì bíi márùndínlọ́gọ́ta relé, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí gbogbo ayé lè rí i. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ibi tó ti ń kọ máàkì náà ni fóònù rẹ̀ ti dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, awakọ̀ tírélà. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"A ti di ẹrù màmá tán o. Ìyàwó mi ti lọ gbogbo aṣọ wọn. Aago mẹ́rin la máa dé ilé olódòdó yẹn. Àbúrò mi, Ọlọ́run á sọ̀rọ̀ rẹ dayọ̀. Tí kì í bá ṣe ìwọ ni, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa nínú wọn?"

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Aláyẹ̀wò wí, ó sì pa fóònù.

Ọdún mẹ́rin ni ìyá wọn ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tó kó wọlé, ẹ̀gbọ́n na àyà jáde, ó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń wa tírélà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ìyàwó rẹ̀ ló ń fún ìyá lọ́mú, ọmú ìyàwó náà sì ti gbẹ. Màmá ti gbàgbé iná lórí sítóòfù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé tí kò sẹ́nìkan. Yàrá Aláyẹ̀wò fúnra rẹ̀ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kì í sì í sí nílé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n sunkún sí i, wọ́n gbà pé kí wọ́n wá ilé ìtọ́jú. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi ti àbúrò òun tó mọ iṣẹ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Aláyẹ̀wò lọ wo ilé olódòdó, ilé ìtọ́jú kan tí òdòdó pọ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fún un ní máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ parí.

Ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìṣubú náà gan-an, kì í ṣe iye rẹ̀. Ìyá kan yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ kùtù, bàtà rẹ̀ ló tóbi jù. Wọ́n wá bàtà mìíràn fún un. Bàbá kan fẹ́ lọ tọ̀, kò rí ọ̀nà; wọ́n gbé iná kékeré sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Irin ìdìmú ara ògiri jábọ́, wọ́n kàn án padà lọ́jọ́ kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ènìyàn mẹ́fà ló ṣubú lóṣù kan. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹnìkan nínú ilé yìí ń rò ó.

Kí ni Aláyẹ̀wò fúnra rẹ̀ wá máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ní ọ́fíìsì? "Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣubú, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Arúgbó ń ṣubú. Níbi tí wọn ò bá ti ṣubú, báírò ni kò sí níbẹ̀." Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Òun náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ilé olódòdó ní ogójì arúgbó, ìwé ìṣubú wọn ò sì ní nǹkan kan nínú láti ọdún méjì.

Ó ní kí Nọ́ọ̀sì kó fáìlì àwọn tó ti ilé mìíràn wá sọ́dọ̀ wọn fún òun. Ẹyọ kan péré ni: Bàbá Télọ̀, oṣù keje rẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ojú ewé kìíní, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́: "Ó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún tó ti kán, tó sì ti jinná ní wíwọ́. Egbò wà lókè ìdí rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ilé olódòdó tó ti wá sọ pé kò ṣubú rí."

Aláyẹ̀wò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ bá bàbá náà ní yàrá. Bàbá jókòó lójú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì kó òwú sára páálí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Mo ṣubú nílé àwọn olódòdó. Láti orí bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kọ kí ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí n má dààmú ọmọ mi. Wọ́n ní tí mo bá sọ ọ́, á rò pé mo fẹ́ padà wálé. Mo wá dákẹ́. Bí ọmọ mi ṣe rí i pé mi ò lè di ṣíbí mú ló gbé mi kúrò níbẹ̀."

"Àwọn mìíràn náà ṣubú?"

"Ìyá mi, ẹ̀yin náà ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ń dán bí gíláàsì."

Aláyẹ̀wò rántí ilẹ̀ náà. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ilẹ̀ wọn mọ́ tónítóní.

Ó rántí ìyókù pẹ̀lú, kò sì wá àwáwí kankan fún ara rẹ̀ mọ́. Ilé kẹta tó lọ lọ́jọ́ náà ni. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé àga tó rọ̀ fún un, ó tan fáànù, ó gbé omi tútù síwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn arúgbó mẹ́wàá ló yẹ kó wò. Méjì ló wò, ọ̀gá ló sì mú méjèèjì wá fún un. Ó kọ mẹ́wàá. Rírẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe rírẹ̀ nìkan. Ó fẹ́ kí ilé náà dára. Ó fẹ́ rí ibì kan tó máa gbé ìyá rẹ̀ sí kọ́rọ̀ náà lè tán lọ́rùn rẹ̀, kóun náà sùn dáadáa. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ó pe ẹ̀gbọ́n. Kò gbé e. Ó tún un pè. Ẹ̀gbọ́n kì í gbé fóònù tó bá wà nídìí ọkọ̀, ìwà tó dáa nìyẹn, Aláyẹ̀wò sì fi bú u lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé òun ń bọ̀ wá parí tiwọn lọ́la, ó sáré jáde síta pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ó wọ takisí.

Òdòdó ti kún iwájú ilé náà bámúbámú. Nínú gbọ̀ngàn àbáwọlé, ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga onítáyà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò. Ẹ̀gbọ́n ti mú báírò lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì. Lókè orí rẹ̀, wọ́n ti fi férémù aláwọ̀ wúrà gbé máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún kọ́ ògiri, ìbuwọ́lù Aláyẹ̀wò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà.

"Háà, màmá wa!" Ọ̀gá ilé náà na ọwọ́ méjèèjì sí Aláyẹ̀wò, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ dé. "Ẹ ò jẹ́ kí a mọ̀ pé ìyá yín ni! Yàrá tó kọjú sí ọgbà la fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná," ni Aláyẹ̀wò wí. Èémí rẹ̀ ń já. "Ẹ má buwọ́ lù ú."

"Kí ló dé?"

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti inú takisí, irọ́ kékeré tó gbọ́n. Á ní ìwé kan ṣì kù ní ọ́fíìsì, kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á gbé màmá padà sílé. Máàkì á wà lára ògiri, iṣẹ́ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní í ju ọdún méjì lọ mọ́ tó máa fẹ̀yìn tì.

Màmá ló gbójú sókè. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í mọ èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Lónìí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ìwọ ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìwọ lo yẹ ibí wò. Ó ní kí n má bẹ̀rù." Ó wo ilẹ̀ tó ń dán, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

Aláyẹ̀wò gbìyànjú láti sọ irọ́ náà. Kò jáde.

"Rárá, màmá," ló wí. "Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo jókòó sórí àga, mo mu omi tútù. Èèyàn méjì ni mo wò, mo kọ mẹ́wàá. Àwọn èèyàn ń ṣubú níbí, wọn ò kọ ọ́, èmi náà ò wò ó."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ, mà?" ló bi í jẹ́jẹ́. "Ìbuwọ́lù yín rèé."

"Tèmi ni. Lọ́la ni mo máa lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n gbà á."

Ẹ̀gbọ́n gbé báírò sílẹ̀. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. "Mo bi ọ́," ló wí. "Mo bi ọ́ lójúkojú, o ní ó dáa. Ibo la wá fẹ́ gbé wọn lọ báyìí?"

"Ọ̀dọ̀ mi, títí àyè á fi ṣí nílé ìtọ́jú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì."

"Àtẹ̀gùn yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n wọ́n gùn ún. Ṣebí ẹ̀yin lẹ lẹ́yìn tó lágbára."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá ṣì ń wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó bá ti ilé ìwé dé tí kò fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó rẹ̀ ọ́ ni," ni màmá wí.

"Ó rẹ̀ mí, màmá."

"Ó máa ń rẹ èmi náà, nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́." Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. Bó ṣe rí lára rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. "Mi ò sì sọ ọ́ kalẹ̀."

Aláyẹ̀wò kúnlẹ̀ síbẹ̀ níwájú àga onítáyà náà, ó sunkún, kò bojú. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sun ún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ rẹ̀ gbígbẹ ti orí ọmọ rẹ̀ sókè, ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn tó wọnú ilé, níbi tí ẹnìkan ti ń wúkọ́.

"Ṣé àwọn kan wà nínú ibẹ̀?"

"Ogójì ni wọ́n, màmá."

"Lọ wò wọ́n. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ á dúró dè ọ́."

Aláyẹ̀wò di ọwọ́ àga mú, ó dìde. Ó nu ojú, ó mú ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì ní kí ọ̀gá wá ṣí yàrá àkọ́kọ́ fún òun.