Ohun Tí Adájọ́ Kò Gbà Gbọ́

Orúkọ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù náà ń wọ́ bí ìgbín, ó ń tú ojú ìwé ọ̀hún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, AKÉWÚṢỌLÁ sì jókòó síbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́tà ńláńlá. Lẹ́yìn náà ni Lìádì yọ. Lẹ́yìn náà ni Ìsẹ́yìn, ìlú wọn. Lìádì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kí iná lọ. Ṣùgbọ́n Johannesburg nìyí, ọdún 2009 sì ni, iná kì í lọ mọ́ bíi ti èṣín.

Zeenat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló rán an níṣẹ́. Ó pè é láàárọ̀ Sátidé náà, ó ń sunkún.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí. Àwọn òbí Ọláfẹ́mi ní àwọn ò ní í so yìgì náà mọ́. Wọ́n ní ká lọ wo orúkọ Dádì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dádì ò bá mi sọ nǹkan kan, iná ò sì sí nílùú láti ọjọ́ Túsìdeè. Ẹ bá mi wò ó."

Wọ́n máa ń wádìí ilé kí wọ́n tó gbé ìyàwó, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Láyé ọjọ́un, àgbàlagbà méjì ló máa lọ jókòó ládùúgbò, wọ́n á bi lágbájá, wọ́n á bi tàmẹ̀dò: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn, ṣé wọn kì í ya wèrè. Bàbá Ọláfẹ́mi, èèyàn Èkó, kò ráàyè ìyẹn. Ó jókòó ti tíì rẹ̀, ó tẹ orúkọ, ó parí. Ká ní orúkọ tó wọ́pọ̀ ni, ìbá yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n Akéwúṣọlá tó bí Tesleem bàbá Zeenat, tó bí Lìádì, ní Ìsẹ́yìn, mélòó ló wà?

Lìádì ka ìwé náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé tó ń gbé ní Turffontein wà níbẹ̀, ti nọ́ńbà ti nọ́ńbà. Àpá tó wà ní apá òsì rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ sọ bó ṣe gùn tó. Gbogbo ohun tó sọ nígbà tó ń tọrọ ìwé ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá àsálà ló wà níbẹ̀: pé ẹ̀gbọ́n òun, Tesleem, ni olórí ẹgbẹ́ òkùnkùn kan, pé ó fẹ́ kí òun jẹ oyè bàbá àwọn nínú ẹgbẹ́ náà, pé nígbà tí òun kọ̀, ó fi àdá ṣá òun lápá, ó sì búra láti pa òun níbikíbi tí òun bá sá sí.

Tesleem! Tesleem tó jẹ́ ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tó ń lẹ táyà fún àwọn ọlọ́kadà, tí kò lè dú ẹran iléyá àfi kó bẹ aládùúgbò. Páànù ló ya Lìádì lápá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tesleem ló pọ̀n ọ́n sáré dé ọsibítù, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lẹ́yìn.

Olúdáre ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ará ilé tó wà ní Johannesburg kọ ìtàn sí fọ́ọ̀mù. "Má hùmọ̀ orúkọ o," Olúdáre ti sọ fún un. "Wọ́n á bi ọ́ lónìí, wọ́n á tún bi ọ́ lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹni tó o mọ̀ dáadáa ni kó o dá lórúkọ." Kò sì sí ẹni tí Lìádì mọ̀ tó Tesleem. Nígbà tí wọn kò fún un ní ìwé, lọ́yà ọ̀fẹ́ kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ náà kọ̀, ìdájọ́ rẹ̀ sì ni ìwé tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí. Lìádì rò pé inú ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ń kú sí. Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí tí ojú rẹ̀ ti rí Ìsẹ́yìn kẹ́yìn, irọ́ rẹ̀ sì ti délé ṣáájú rẹ̀.

Ó bẹ ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà pé kó bá òun pa ìwé yìí rẹ́. Ìyá náà fa bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra.

"Eish, ọmọ mi," ó ní. "Bí mo bá fọ́ kọ̀ǹpútà yìí mọ́lẹ̀ gan-an, ìwé yẹn ṣì wà. Kò sí lọ́dọ̀ mi."

Nígbà tí kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe, ó ní kó bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ojú ìwé mẹ́rin ni.

Atẹ́gùn oṣù keje ń gé èèyàn níta. Àwọn taxi ń fọn fèrè, àwọn agbèrò ń pe èrò, Lìádì sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ó lè pe bàbá Ọláfẹ́mi kó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́yà ti ní ilé ẹjọ́ gíga kan ṣì kù táwọn lè gbìyànjú. Bí ẹnu rẹ̀ bá fi lè jẹ́wọ́ pé irọ́ ni, ó di kó múra ilé nìyẹn. Ó sì lè sọ fún Zeenat pé òun ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ìyẹn kò bà á rárá, ohun tó sì dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn. Ó pe Tesleem.

"Àlàó!" Tesleem ló ń fi oríkì pè é bẹ́ẹ̀. "Ṣé òtútù ò pa ọ́? Wọ́n ní òtútù máa ń mú yín lóṣù yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Zeenat pè mí. Mo ti rí ìwé náà."

"Ojú ìwé kan ni bàbá Ọláfẹ́mi mú wá. Ó kà á fún mi lójú àwọn èèyàn ẹ̀. Ó ní ṣé òótọ́ ni."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Kí ni ǹ bá sọ? Wọ́n ní gbogbo ayé ló ń rí i. Bí mo bá ní irọ́ ni, ṣé wọn ò ní gbé ìyẹn náà síbẹ̀, káwọn ará ọ̀hún rí i, kí wọ́n gba pépà ìgbélùú lọ́wọ́ ẹ? Zeenat á rí ọkọ mìíràn. Ìwọ, ta lo ní níbẹ̀?" Ó wúkọ́. "Pépà ọ̀hún ṣáà wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ẹnu Lìádì. Ó gbé e mì.

"Wọn ò fún mi, ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ ò gbà mí gbọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ."

"Kò gbà ọ́ gbọ́ báwo?"

"Ó wà ní ojú ìwé kẹrin."

"Kà á fún mi."

Lìádì ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Adájọ́ ní ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló tọ́ òun dàgbà, ló rán òun nílé ìwé, ló sin òun dé pápákọ̀ òfurufú. Ó ní òun kò rí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa gbé àdá sí àbúrò rẹ̀. Ó ní òun kò gbà pé ó ṣe é.

Nínú gbogbo àwọn tó ti ka ìwé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló gbèjà Tesleem, àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ ìyá rẹ̀ kọ́ ni.

"Ọlọ́run á bù kún adájọ́ yẹn," Tesleem ní. Ó mí kanlẹ̀. "Dúró. Zeenat! Zeenat, tètè wá!" Ìró sálúbàtà sún mọ́ fóònù. "Tún un kà. Ibi tó ti ní mi ò ṣe é. Mo ti ṣí ohùn ẹ síta."

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Zeenat fi sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá mi, ta ló ní Dádì ṣe kí ni?"

Lìádì dúró kí Tesleem dáhùn.

"Èmi ni, Zeenat," Lìádì ní, ó sì ṣí ìwé náà padà sí ojú ìwé kìn-ín-ní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un láti òkè.