Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnu Dorcas Nìkan Lè Sọ

Ní èbúté tiwa ní Newfoundland, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí a kì í fi ṣeré: “stand down”. Ọ̀rọ̀ ológun ni. Òun ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọmọ ogun pé kí ó sọ ohun ìjà kalẹ̀, kí ó sinmi. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí òkun bá gbé apẹja kan lọ, tí ìjọba wá a títí tí wọ́n sì pe ọkọ̀ wọn padà, ọkọ̀ tiwa kì í padà. Yóò máa wá a kiri títí ìyàwó ẹni náà yóò fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lórí rédíò. Ẹnu ẹlòmíràn kò tó o.

Èmi ni mo kọ́ Dorcas Pardy nílé ìwé. Èmi náà ni mo jókòó tì í nínú ilé ìdáná rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìjọba jáwọ́ nínú wíwá Leander, ọkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àríwá ti dé. Yìnyín ń dì mọ́ ara àwọn ọkọ̀ tó kù lójú omi, ọkọ̀ tí yìnyín bá sì wọ̀ lọ́rùn, dídojúdé ló kù.

Rédíò dún. Hedley, ẹ̀gbọ́n Leander, ló ń pè láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

“Ìyàwó, ṣé tíì wà lórí iná? Imú mi ti gan. Mi ò jẹ́ fọn ún, kó má lọ já sílẹ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dorcas, ó sì gbé e mì kíá. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí nǹkan?”

“Rárá o. À ń wò ó. Omi ń ru, ìyàwó. Àmọ́ a ṣì wà níbí.”

Kí Hedley ní òun fẹ́ padà sílé? Ó sàn fún un kí ó rì.

Dorcas kọjú sí mi. “Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ ńlá ńlá dá wa lágara, ẹ bá mi sọ ọ́ nígbà náà.”

“Wọn ò ní gba tèmi, ọmọ mi. O sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ó túmọ̀ sí pé èmi ni mo pa á.”

“Òkun ló pa á.”

“Òkun ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.”

Èmi tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, mo dìde lọ dúró sójú fèrèsé.

Láti ojú fèrèsé, a rí i tí ọkọ̀ Hedley fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́ kí ó tó dúró ṣánṣán padà. Dorcas mú ẹnu rédíò.

“Gbogbo ọkọ̀ tó ń wá Leander Pardy,” ohùn rẹ̀ gún bí ti ọmọ tó ń kàwé níwájú kíláàsì, “stand down.”

Wọ́n dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Hedley ló kẹ́yìn: “A gbọ́, ìyàwó.” Orí àwọn ọkọ̀ yí sí ilé.

Ọwọ́ Dorcas kò kúrò lára rédíò. “Ẹ̀gbọ́n? Ẹ dúró ná. Ẹ̀yìn àpáta yẹn, ṣé ẹ dé ibẹ̀? Ẹ̀gbọ́n?”

Kò sí èsì. Bí àwọn ọkùnrin wa bá ti dáhùn tán, wọ́n a pa rédíò wọn. Bí àwọn bàbá wọn ti fi lélẹ̀ nìyẹn; ọ̀pọ̀ ìyàwó tó ń bẹ̀bẹ̀ báyìí ni àwọn bàbá náà ti gbọ́ kí wọ́n tó fi òfin náà lélẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn àpáta yẹn,” ni Dorcas ń wí.